Ẹsẹ̀ Bàálù: Ìdí Tí Bàálù Àkọ́kọ́ Kò Fi Ní Táyà

Àwọn méjì tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fò lójú sánmà, iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń jẹun. Wilbur àti Orville Wright ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ní ìlú Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, wọ́n sì ń ṣe tuntun jáde. Kò sí ohun tó pamọ́ fún wọn nípa sípóòkù, ṣéènì àti táyà. Síbẹ̀, bàálù tí wọ́n fi fò ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903 kò ní táyà kankan. Igi gígùn méjì, tí iwájú wọn tẹ̀ sókè díẹ̀, ló fi jókòó sílẹ̀.

Àwọn tó bá rí àwòrán rẹ̀ máa ń bi mí pé ṣé wọ́n gbàgbé ni. Wọn ò gbàgbé rárá. Ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé ni wọ́n wò. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàálù láti ibẹ̀, gbogbo ohun tó máa ń rú èèyàn lójú nípa rẹ̀ ló máa tú: ìdí tí bàálù àtijọ́ fi máa ń fi ìdí jókòó bí ajá, ìdí tí kò fi ní bíréèkì, ìdí tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí kíká ẹsẹ̀ wọnú tó di ohun tí bàálù ń ṣe. Ilẹ̀ ló ń yan ẹsẹ̀ fún bàálù. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ kò fẹ́ kó ní ẹsẹ̀ kankan. Láàárín àwọn méjèèjì yìí ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń làjà láti ìgbà náà.

Ojú irin lórí yanrìn

Kill Devil Hills, nítòsí Kitty Hawk ní North Carolina, etí òkun ni. Yanrìn ló kún ibẹ̀, yanrìn fúlẹ́fúlẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbá kiri. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti wa kẹ̀kẹ́ gba etí òkun kọjá rí mọ ohun tí mò ń sọ. Táyà á rì, ẹni tó ń wà á á fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ ò sì ní lọ síbì kan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan ibẹ̀ nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ le dáadáa, àti nítorí pé bí èèyàn bá já bọ́, yanrìn kò ní ṣe é léṣe bí ilẹ̀ líle. Ẹ́ńjìnnì wọn kò ju agbára ẹṣin 12 lọ, èyí tí ọ̀kadà lásán ń ní lónìí. Bàálù náà sì wúwo tó kìlógíráàmù 274 kí èèyàn tó dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀. Irú agbára bẹ́ẹ̀ kò lè fa táyà jáde nínú yanrìn, kò sì sí àyè láti fi ẹrù táyà kún ẹrù tó wà nílẹ̀.

Wọ́n bá ṣe ojú irin tiwọn. Wọ́n to pákó ní oríkoorí, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bo ẹ̀yìn rẹ̀, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60. Gbogbo rẹ̀ ná wọn ní nǹkan bíi dọ́là 4. Bàálù á jókòó sórí pátákó kékeré kan, pátákó yẹn á sì máa yí lọ lórí ojú irin. Kí ni wọ́n fi ṣe ohun tó ń yí lábẹ́ pátákó? Họ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ni, irú èyí tó wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tà. Nítorí náà kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀ o. Ilẹ̀ ló kù sí, kò bá wọn gòkè.

Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n fò lọ́jọ́ náà. Àkọ́kọ́ lo ìṣẹ́jú àáyá 12, ó sì dé ẹsẹ̀ bàtà 120. Ìkẹrin ló gùn jù: ìṣẹ́jú àáyá 59, ẹsẹ̀ bàtà 852. Bó bá ti balẹ̀, igi méjèèjì á yọ̀ lórí yanrìn, á dúró, wọn á sì gbé e padà sórí ojú irin. Fún ibi tí wọ́n wà, mi ò rò pé ẹsẹ̀ kan wà tó lè dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣòro dé nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ padà sílé. Ní ọdún 1904, pápá ẹran kan tó ń jẹ́ Huffman Prairie, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dayton, ni wọ́n ti ń fò. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò le bíi ti etí òkun, bẹ́ẹ̀ sì ni bàálù gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́ tó ń kọlu apá rẹ̀ kó tó lè gbéra. Ojú irin kúkúrú kò tó mọ́. Wọ́n bá ri òpó gíga kan mọ́lẹ̀, wọ́n fi okùn fa irin wúwo gòkè rẹ̀, wọ́n sì so òpin okùn mọ́ bàálù. Bí irin bá já wálẹ̀, okùn á ta bàálù síwájú bí òkò inú kànnàkànnà. Ó ṣiṣẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bàálù Wright di ohun tí kò lè gbéra níbi tí òpó kò bá sí. Bó bá balẹ̀ sí oko olóko, àfi kí wọ́n lọ wọ́ ọ wálé.

Nígbà tí Wilbur gbé e lọ sí Faransé, tó sì fò ní pápá eré ẹṣin Les Hunaudières nítòsí Le Mans ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1908, ẹnu ya àwọn tó wá wòran. Wọn ò tíì rí ẹni tó ń darí bàálù yípo lójú sánmà bí àwòdì bẹ́ẹ̀. Òpó àti ojú irin sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ níṣojú gbogbo wọn.

Pápá tó tẹ́, táyà tó ń yí

Ní Faransé fúnra rẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ti gbà, nítorí pé ilẹ̀ wọn yàtọ̀. Pápá títẹ́ tí koríko rẹ̀ kúrú kò wọ́n ní àyíká Paris. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ táyà ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1906, Traian Vuia, ọmọ Rùmáníà, fi bàálù tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti táyà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí fò díẹ̀ ní Montesson. Kò ju nǹkan bíi mítà 12 lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Alberto Santos-Dumont, ọmọ Bùràsíìlì tó ń gbé Paris, gbé bàálù rẹ̀ tó ń jẹ́ 14-bis jáde ní pápá Bagatelle. Ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sáré lórí koríko, ó gbéra, ó sì fò tó nǹkan bíi mítà 60 kó tó balẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá, ó fò mítà 220.

Títí di òní, àwọn ará Bùràsíìlì ń sọ pé ọmọ tiwọn ló kọ́kọ́ fò, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń sọ pé àwọn Wright ni. Bí èèyàn bá tú àríyànjiyàn náà wò, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn ará Bùràsíìlì ní ẹni tó bá nílò ojú irin àti ohun tó ń ta á síwájú kò tíì gbéra fúnra rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ nípa ọdún 1903. Kò sí òpó lọ́jọ́ náà. Ẹ́ńjìnnì àti afẹ́fẹ́ ló ṣe gbogbo iṣẹ́, ojú irin kàn dúró ní ipò ilẹ̀ líle tí kò sí níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ kan tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: bàálù tí kò lè gbéra níbi tó balẹ̀ sí kò tíì wúlò fún ìrìn àjò.

Ilẹ̀ yìnyín náà yan ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1908, ẹgbẹ́ kan tí Alexander Graham Bell kó jọ, ẹni tó ṣe tẹlifóònù, fò láti orí adágún Keuka ní ìpínlẹ̀ New York. Òtútù ti sọ omi adágún náà di líle bí òkúta, bàálù wọn tó ń jẹ́ Red Wing sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yọ̀ lórí rẹ̀. Ìgbà tí yìnyín yọ́ tán, irin yẹn kò wúlò mọ́. Bàálù tó tẹ̀ lé e ní oṣù Karùn-ún, White Wing, ẹsẹ̀ mẹ́ta onítáyà ni wọ́n fún un, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti June Bug, èyí tí Glenn Curtiss, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ náà, wà tó lé ní kìlómítà kan ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, tó sì gba ife ẹ̀yẹ. Ẹ fi ẹsẹ̀ iwájú yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Ní ọdún 1910 àwọn Wright náà gbà. Wọ́n so táyà mọ́ igi ẹsẹ̀ bàálù tuntun wọn, Model B, ojú irin àti òpó sì di ohun àná.

Rọ́bà tí wọ́n wé mọ́ ẹsẹ̀

Táyà nìkan kò tó. Bàálù tó ń balẹ̀ kì í sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́ bí ewé, ó ń já bọ́ ni, díẹ̀ tàbí púpọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá le gan-an, agbára yẹn á gba inú rẹ̀ lọ sínú igi àti aṣọ tí wọ́n fi kan bàálù, á sì fọ́ ọ. Ohun tí wọ́n nílò ni ohun tó máa gbà, tó máa fà, tó tún máa padà sí ipò rẹ̀.

Gbogbo wa ti rí ohun tí wọ́n lò. Ẹ wo ọlọ́kadà tó ń so àpò ìrẹsì mọ́ ẹ̀yìn. Ó gé túùbù táyà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó fà á títí, ó wé e yí àpò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì fi orí rẹ̀ há abẹ́. Bí ọ̀kadà bá wọ kòtò, àpò á fò sókè díẹ̀, rọ́bà á fà, á sì mú un padà. Bí wọ́n ṣe so irin tó gba àárín táyà bàálù kọjá nìyẹn. Wọn ò fi bóòtù dè é mọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n fi okùn rọ́bà wé e mọ́ ọn ní àwétúnwé, kí irin náà lè gòkè kí ó sì sọ̀kalẹ̀ nígbà tí táyà bá kan ilẹ̀. Bàálù Henry Farman ti ọdún 1909 fi ọgbọ́n kún un. Igi méjì gígùn wà lábẹ́ rẹ̀, táyà méjì sì wà lára igi kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rọ́bà. Lórí ilẹ̀ dáadáa, táyà ló ń gbé e. Bó bá já bọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà á fà títí táyà á fi gòkè, igi á wá fi ara gba ìyókù.

Louis Blériot, ará Faransé tó ń ṣe bàálù, tún rí ìṣòro mìíràn. Afẹ́fẹ́ kì í sábà fẹ́ láti iwájú gan-an. Bó bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, bàálù gbọ́dọ̀ kọ imú sí i díẹ̀ kó má bàa gbé e lọ, ìyẹn ni pé ó ń lọ tààrà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ bí alákàn. Bí táyà bá kan ilẹ̀ báyìí, ẹ̀gbẹ́ ni ilẹ̀ á ti fà á, sípóòkù kẹ̀kẹ́ kò sì lágbára lẹ́gbẹ̀ẹ́ rárá. Blériot ṣe ẹsẹ̀ bàálù rẹ̀, nọ́ńbà XI, kí táyà lè yí ojú fúnra rẹ̀ sí ibi tí bàálù ń lọ, bíi ti àga ọ́fíìsì tó ń yí kiri. Bàálù yẹn ló fi sọdá òkun láti Faransé sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1909, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 36. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ gan-an ti jóná kí ọjọ́ náà tó pé, ọ̀pá ló fi ń rìn. Nígbà tó dé Dover, afẹ́fẹ́ ń jà, ó pa ẹ́ńjìnnì, bàálù sì já sórí koríko. Ẹsẹ̀ bàálù fọ́, abẹ̀bẹ̀ iwájú tó ń yí láti fa bàálù lọ fọ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì ṣèṣe. Mo máa ń ka èyí sí iṣẹ́ rere tí ẹsẹ̀ náà ṣe. Ohun tí kò bá fọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ara Blériot ni ì bá fọ́.

Ìdí tó fi ń fi ìdí jókòó

Ẹ wo àwòrán bàálù Ogun Àgbáyé Kìíní èyíkéyìí, Sopwith Camel tàbí Fokker Dr.I. Táyà méjì wà lábẹ́ àyà rẹ̀, imú rẹ̀ kọ sókè, ìdí rẹ̀ sì wà nílẹ̀ lórí igi kékeré kan. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti fi ìkánjú ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí ìkánjú níbẹ̀.

Abẹ̀bẹ̀ iwájú gùn, ó gbọ́dọ̀ jìnnà sílẹ̀. Apá bàálù sì gbọ́dọ̀ gbójú sókè díẹ̀ kó tó lè gbé e nígbà tí eré bá kéré, nítorí náà kó ti jókòó bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ wá jẹ́ àǹfààní. Ilẹ̀ tí wọ́n ń lò wá ni ọ̀rọ̀ gan-an. Pápá koríko ni, ihò eku àti kòtò kún inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú tó bá já sínú kòtò á ṣẹ́, bàálù á sì fi imú gúnlẹ̀. Ìdí bàálù fúyẹ́, igi lásán tó láti gbé e.

Igi ìdí yẹn ni bíréèkì wọn. Kò sí bíréèkì lára táyà rárá. Wọ́n fi irin bàtà sí ìsàlẹ̀ igi náà, ó sì ń wọ́ koríko lẹ́yìn bàálù bí ọkọ́ tí àgbẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, títí tí bàálù á fi dúró. Ìdí nìyí tí koríko fi wúlò fún wọn ju ilẹ̀ líle lọ. Pápá náà sì gbòòrò níhà gbogbo, kò ní ojú ọ̀nà kan pàtó. Awakọ̀ á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, á sì balẹ̀ láti kọjú sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà lọ́sàn-án, òun náà á yí padà.

Fífi ìdí jókòó ní àbùkù tirẹ̀. Awakọ̀ kò rí iwájú nígbà tó bá wà nílẹ̀, nítorí imú bàálù dí i lójú, ó ní láti máa yí sọ́tùn-ún sósì kó lè rí ọ̀nà. Èyí tó burú jù ni bó ṣe máa ń yí bírí. Ẹ ronú nípa bárò tí àwọn bíríkìlà fi ń kó sìmẹ́ǹtì. Bí o bá ń tì í níwájú, tí táyà rẹ̀ wá kọ ẹ̀gbẹ́, ẹrù tó wà lẹ́yìn táyà á fẹ́ máa bá eré lọ, bárò á sì fẹ́ yí mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí o bá yíjú padà tí o ń fà á tẹ̀ lé ọ, tààrà ni yóò máa tẹ̀ lé ọ. Bàálù tó ń fi ìdí jókòó dà bí bárò tí a ń tì: ìwúwo rẹ̀ wà lẹ́yìn táyà méjèèjì. Bí awakọ̀ bá gbàgbé ara rẹ̀ díẹ̀ nígbà tó ń balẹ̀, ìdí á fẹ́ sáré kọjá imú, bàálù á yí, apá kan á sì gbálẹ̀. Lórí pápá gbòòrò tí wọ́n lè máa kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà gbogbo, wọ́n rí i bá gbé.

Níbi tí kò ti sí ilẹ̀

Omi náà ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Henri Fabre, ará Faransé tí kò tíì wa bàálù rí láyé rẹ̀, ló kọ́kọ́ fi bàálù onípákó ìléfòó gbéra lórí omi ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1910, lórí adágún Berre nítòsí Martigues. Omi tẹ́, ó gùn, kò sẹ́ni tó máa gé igi tàbí wú kùkùté kó tó lò ó. Ìdí nìyẹn tí bàálù olómi fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbàlagbà Èkó rí tiwọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí bàálù olómi BOAC, ilé-iṣẹ́ bàálù ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wá sí Èkó tó sì ń balẹ̀ sójú omi.

Ọkọ̀ ojú omi wá le jù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 1911, Eugene Ely balẹ̀ sórí pèpéle tí wọ́n kàn sórí ọkọ̀ ogun USS Pennsylvania ní èbúté San Francisco. Bàálù rẹ̀ kò ní bíréèkì, pèpéle sì kúrú. Wọ́n na okùn 22 kọjá lórí pèpéle náà, wọ́n so àpò yanrìn mọ́ orí méjèèjì okùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ìkọ́ sábẹ́ bàálù. Ìkọ́ há okùn kan, ó há òmíràn, àpò yanrìn ń wọ́ tẹ̀ lé e, títí tí bàálù fi dúró. Ely wé túùbù kẹ̀kẹ́ mọ́ ara lọ́jọ́ náà, kó má bàa rì bí ó bá já sómi. Okùn àti ìkọ́ ni bàálù ológun ṣì ń lò lórí ọkọ̀ ojú omi títí dòní.

Òróró

Rọ́bà ní ẹ̀ṣẹ̀ kan: ohun tó bá gbà, ó ń dá a padà ni. Bàálù tó bá já bọ́ lórí rọ́bà á ta sókè bí bọ́ọ̀lù, á tún já bọ́. Bàálù ń wúwo sí i lọ́dọọdún, rọ́bà kò sì lè bá a dé ibi tó ń lọ.

Ọ̀dọ̀ ìbọn ńlá ni wọ́n ti rí ọ̀nà àbáyọ. Bí ìbọn àgbá bá dún, ó máa ń fò sẹ́yìn, àwọn tó ń rọ ọ́ sì ti fi òróró dá a dúró tipẹ́. Ilé-iṣẹ́ Vickers ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń rọ ìbọn tó sì ń ṣe bàálù, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1915. Ẹ ra sìrínjì kan lọ́dọ̀ kẹ́mísì, ẹ fa omi sínú rẹ̀, kí ẹ má fi abẹ́rẹ́ sí i. Bí ẹ bá fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ tẹ̀ ẹ́, omi á máa jáde wọ́ọ́rọ́. Bí ẹ bá gbá a lójijì, á le mọ́ yín lọ́wọ́, nítorí ihò kékeré kò lè jẹ́ kí omi sáré kọjá. Bí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, kò ní ta padà. Nínú ẹsẹ̀ bàálù, irin kan wọnú ìkejì bí ọwọ́ sìrínjì, òróró wà nínú rẹ̀, atẹ́gùn tí wọ́n há mọ́ wà lókè òróró. Òróró ń gba ihò tóóró kọjá, ó sì ń sọ agbára já-bọ́ yẹn di ooru. Atẹ́gùn ń ti ẹsẹ̀ padà sí ipò rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ohun tí orúnkún wa ń ṣe nígbà tí a bá bẹ́ láti orí ògiri ni. Òun ló ṣì wà lábẹ́ gbogbo bàálù ńlá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì mọ àbúrò rẹ̀ nínú mọ́tò: ṣọ́ọ̀kì.

Afẹ́fẹ́ ní òun ò fẹ́ ẹsẹ̀

Ẹ na ọwọ́ jáde láti fèrèsé mọ́tò tó ń sáré. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọwọ́ yín á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹsẹ̀ bàálù àtijọ́, pẹ̀lú igi, wáyà àti táyà rẹ̀, dà bí ọwọ́ yẹn. Nígbà tí bàálù ń lọ jẹ́jẹ́, kò ṣe nǹkan. Wọ́n fi aṣọ bo sípóòkù kó lè dán, Fokker fi apá kékeré kan bo irin àárín táyà Dr.I rẹ̀ kí òun náà lè bá wọn gbé bàálù, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó máa ká ẹsẹ̀ wúwo, ó sì lè bàjẹ́. Èrè rẹ̀ kò tó àdánù rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ sọdá òkun Àtìláńtíìkì ni ẹsẹ̀ kọ́kọ́ di ẹrù fún. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1919, Harry Hawker àti Kenneth Mackenzie-Grieve gbéra láti Newfoundland, wọ́n sì já ẹsẹ̀ bàálù wọn sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gòkè. Ẹ́ńjìnnì gbóná jù, wọ́n já sójú òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan tí kò ní rédíò, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ayé fi rò pé wọ́n ti kú. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Alcock àti Brown sọdá pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn lára bàálù. Wọ́n rí pápá tútù kan ní Clifden ní ilẹ̀ Ireland, wọ́n balẹ̀ sí i, ẹrẹ̀ irà ni. Táyà rì, imú bàálù gúnlẹ̀, àwọn méjèèjì sì jáde láàyè.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1927, Charles Nungesser àti François Coli, awakọ̀ bàálù méjì ará Faransé, gbéra ní Le Bourget ní Paris, wọ́n ń lọ sí New York. Wọ́n ti ṣe ikùn bàálù wọn kó lè balẹ̀ sórí omi níbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n gòkè, wọ́n já ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. A kò tún rí wọn mọ́. Ẹsẹ̀ yẹn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bàálù ní Le Bourget títí di òní, òun nìkan ló sì kù nínú bàálù náà. Mi ò lè rí àwòrán rẹ̀ kí n má dúró wò ó pẹ́.

Àwọn tó ń fi bàálù sá eré ìje ló gbé kíká ẹsẹ̀ lárugẹ. Bàálù Dayton-Wright RB-1, tó wá sí ìdíje Gordon Bennett ní Faransé ní ọdún 1920, ní ọwọ́ irin tí awakọ̀ ń yí láti fi ká ẹsẹ̀ sínú ikùn. Wáyà já lára rẹ̀, kò parí ìje. Verville-Sperry R-3 ti ọdún 1922 ká tirẹ̀ sínú apá, ó sì borí nínú ìdíje Pulitzer ti ọdún 1924. Síbẹ̀ àwọn kan ṣiyèméjì. Jack Northrop, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe bàálù, gbà pé ó tó kí a wọ ṣòkòtò fún ẹsẹ̀, ìyẹn ni kí wọ́n fi páànù tó ní ìrísí ẹja bò ó, bó ṣe ṣe lára bàálù Alpha rẹ̀. Nígbà tí eré wá ń sún mọ́ kìlómítà 300 ní wákàtí kan, ṣòkòtò kò tó mọ́.

Kíká rẹ̀ kò rọrùn níbẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ bàálù ogun Rọ́ṣíà tó ń jẹ́ I-16, tó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1933, gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ irin nígbà 44 kí ẹsẹ̀ tó wọlé tán, pẹ̀lú ọwọ́ kan, nígbà tí ọwọ́ kejì ń darí bàálù tó ń gòkè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún òróró tí ẹ̀rọ ń tì. DC-3, bàálù akérò àwọn ará Amẹ́ríkà, lo tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1935, ọdún 32 gééré lẹ́yìn tí àwọn Wright fò lórí yanrìn wọn. Bí ó bá ká ẹsẹ̀ tán, ìdajì táyà ṣì ń yọ síta nísàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kọ̀ láti jáde, bàálù lè fi ìdajì yẹn yí lórí ilẹ̀, ikùn rẹ̀ kò sì ní bàjẹ́ púpọ̀.

Kọ́ńkéré, àti ẹsẹ̀ iwájú

Bàálù tó wúwo báyìí ń rì sínú koríko. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da kọ́ńkéré àti ọ̀dà, ilẹ̀ sì tún yan ẹsẹ̀ mìíràn. Igi ìdí kò lè wọ́ kọ́ńkéré, iná á máa ṣẹ́ lára irin bàtà rẹ̀ ni. Táyà kékeré rọ́pò rẹ̀ nídìí, bíréèkì sì wá bọ́ sára táyà méjèèjì tó wà lábẹ́ àyà. Kọ́ńkéré wọ́n, kò sẹ́ni tó lè dà á kún pápá gbòòrò. Ojú ọ̀nà tóóró kan ni wọ́n dà, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ láti ibi tó bá wù ú. Bàálù wá ń balẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, ìwà bárò tí a ń tì yẹn kò sì ṣeé fara mọ́ mọ́. Ó yẹ kí táyà méjèèjì lọ sẹ́yìn ìwúwo, kí ẹ̀kẹta wà níwájú. Ilẹ̀ ti tẹ́ báyìí, kòtò tó lè ṣẹ́ ẹsẹ̀ iwájú kò sí mọ́.

Àwọn ará Jámánì rí i ní ọ̀nà tó le. Me 262, bàálù ogun wọn tó ń lo ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì, fi ìdí jókòó nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Kò ní abẹ̀bẹ̀ iwájú tó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìrù rẹ̀, nítorí náà bó ti wù kó sáré tó lórí ilẹ̀, ìdí rẹ̀ kò gbé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1942, ní Leipheim, awakọ̀ wọn Fritz Wendel sáré dé nǹkan bíi kìlómítà 180 ní wákàtí kan, ó sì fọwọ́ kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́. Imú tẹ̀ síwájú, ìdí gbé sókè, afẹ́fẹ́ bọ́ sábẹ́ ìrù, bàálù sì gbéra. Kò sẹ́ni tó lè ní kí gbogbo awakọ̀ máa tẹ bíréèkì kí wọ́n tó fò. Wọ́n gbé táyà kan sábẹ́ imú rẹ̀, níbi tí ẹgbẹ́ Curtiss àti Bell ti fi tiwọn sí ní ọdún 1908.